Ọ̀nà Omi Ṣáájú Ìpìlẹ̀ Ilé

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun kò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Òwe yìí kò bú òjò, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ àgbàrá di ẹlẹ́ṣẹ̀. Ohun tó ń kọ́ni ni pé omi ní ìwà tirẹ̀, ìwà náà kì í sì í yí padà: láti òkè ni yóò ti máa sọ̀ kalẹ̀, ibi tó bá rọrùn fún un ni yóò gbà, ohun tó bá sì dínà mọ́ ọn ni yóò máa gbìyànjú láti gbé kúrò. Iṣẹ́ tó kù dọwọ́ onílé. Òun ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi ń gbà kọjá kí ó tó to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì.

Ìdí nìyí tí òfin ètò ìlú fi ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé gba ìwé àṣẹ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú sì fi ń béèrè bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀ àti ibi tí omi rẹ̀ yóò máa gbà jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìbéèrè yìí sí ọgbọ́n tí ìjọba ń dá láti gba owó lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a ó rí i pé ẹ̀tọ́ aládùúgbò ni ìbéèrè náà ń gbèjà.

Ẹ̀rí láti ìlú Ìbàdàn

Orí òkè àti inú àfonífojì ni ìlú Ìbàdàn tẹ̀dó sí. Láti Màpó àti àwọn òkè mìíràn ni omi òjò ti ń ṣàn wọ inú àwọn odò bíi Ògùnpa, Kúdẹtì, Ọ̀nà àti Ògbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí etí odò wọ̀nyí ṣì jẹ́ àkùrọ̀ àti igbó, odò tó bá kún rí ibi tẹ́ sí láìṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Bí ìlú ṣe ń gbòòrò, ilé ń sún mọ́ odò, ilẹ̀ tó ń fa omi mu ń di òrùlé àti kọnkéré, ìdọ̀tí sì ń dí ojú omi.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya. Ẹ̀mí tó lé ní 200 ló bá a lọ, ilé àti ọjà tó bàjẹ́ kò sì kéré. Ọdún 31 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tó lé ní 180 mìlímítà rọ̀ sí ìlú kan náà láàárín wákàtí díẹ̀. Omi adágún Ẹlẹ́yẹlé kọjá ààlà, afárá Àpẹ́tẹ̀ wó, ẹ̀mí tó lé ní 100 sì tún ṣòfò. Òjò ọjọ́ méjèèjì pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò ńlá kì í ṣe àjèjì ní Ìbàdàn. Ilẹ̀ tí òjò ń rọ̀ sí ló ti yí padà.

Ìyípadà náà ní iye tí ará ìlú ń san lé e. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Gbèsè ni owó náà, àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ni yóò sì san án, títí kan àwọn tí kò kọ́lé sí etí odò rí. Ohun tí onílé kọ̀ọ̀kan kò bá náwó lé lórí nígbà tó ń kọ́lé, gbogbo ìlú ni yóò pawọ́ pọ̀ san án níkẹyìn, àwọn kan yóò sì fi ẹ̀mí san tiwọn.

Ìṣirò omi orí pùlọ́ọ̀tì kan

Ó ṣòro fún ẹni tó ní pùlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo láti gbà pé omi orí ilẹ̀ òun lè ṣe nǹkan kan fún ìlú. Ìṣirò kékeré yóò là á yé e.

Bí pùlọ́ọ̀tì kan bá jẹ́ mítà 18 ní ìbú àti mítà 36 ní gígùn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 648 mítà níbùú lóròó. Bí òjò tó tó 50 mìlímítà bá rọ̀ sórí rẹ̀, omi tó bọ́ sórí pùlọ́ọ̀tì náà jẹ́ 32,400 lítà. Tánkà omi mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 10,000 lítà kò lè gbé e tán. Bí wọ́n bá fẹ́ fi jẹ́ríkàn tó ń gba 20 lítà pọn ọ́n, ìgbà 1,620 ni wọn yóò pọn.

Nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ igbó, ewé ń gba omi náà dúró, gbòǹgbò ń la ọ̀nà fún un, ilẹ̀ sì ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀ mu. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń ṣàn lọ, ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ló sì ń lọ. Nígbà tí òrùlé bá bò ó, tí onílé sì fi kọnkéré tẹ́ gbogbo àgbàlá kí ó má baà rí ẹrẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Lójú àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ, òrùlé àti kọnkéré lè tú tó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá òjò tó bá rọ̀ lé wọn lórí síta, omi náà yóò sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ipá. Bí ilé 40 bá wà ní òpópónà kan tí gbogbo wọn ṣe báyìí, omi tó lé ní mílíọ̀nù kan lítà ni òjò ìrọ̀lẹ́ kan yóò tú sí ojú títì. Kò sí ẹni tó lè nàka sí ilé kan pé òun ló fa omíyalé, síbẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín níbẹ̀.

Ohun tí títún ilẹ̀ ṣe jẹ́

Títún ilẹ̀ ṣe kọjá kí katapílà wá ha igbó kúrò. Ohun tó jẹ́ gan-an ni kí onílé pinnu ibi tí ilẹ̀ yóò ga sí, ibi tí yóò lọ sílẹ̀ sí, àti ìhà tí yóò kọjú sí, kí omi lè máa kúrò lẹ́bàá ilé láìṣe ẹlòmíràn ní ibi.

Ohun àkọ́kọ́ ni wíwọn ilẹ̀. Ìwé ìwọnlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ní lọ́wọ́ ń fi ààlà àti òpó ààlà hàn, ṣùgbọ́n kì í sábà sọ bí ilẹ̀ náà ṣe ga tó níhìn-ín àti bó ṣe lọ sílẹ̀ tó lọ́hùn-ún. Ó yẹ kí onílẹ̀ sọ fún awọnlẹ̀ pé òun ń fẹ́ àwòrán tó fi gíga ilẹ̀ hàn, kí ó sì ní kí ó fi ilẹ̀ àwọn tó wà lókè àti nísàlẹ̀ kún un. Ojú lásán máa ń tanni. Ilẹ̀ tó dà bí ẹni pé ó tẹ́jú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè jẹ́ ojú ọ̀nà tí omi ń gbà nígbà òjò. Ẹni tó bá bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè, tó sì lọ wo ilẹ̀ náà nígbà tí òjò bá dá, yóò mọ ohun tí ìwé kò sọ.

Ohun kejì ni ìdagẹ̀rẹ̀. Ìlànà kan tí ọ̀pọ̀ àwọn akọ́lé ń tẹ̀ lé ni pé kí ilẹ̀ tó yí ilé ká sọ̀ kalẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 láàárín mítà mẹ́ta àkọ́kọ́ láti ara ògiri. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, omi kò ní í dúró sídìí ìpìlẹ̀, ògiri kò ní í máa fa omi sókè, ilẹ̀ abẹ́ ilé kò sì ní í rọ̀ débi tí ilé yóò fi sán.

Ohun kẹta ni kíkún ilẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ a máa ra yẹ̀pẹ̀ láti fi kún un. Kò burú, bí onímọ̀-ẹ̀rọ bá fọwọ́ sí i, tí wọ́n sì ń tẹ yẹ̀pẹ̀ náà mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele. Ṣùgbọ́n omi tó máa ń dúró níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ṣàìní ibi tí yóò lọ. Bí onílẹ̀ kò bá ti ṣètò ọ̀nà fún un, ilẹ̀ aládùúgbò ló sọ di adágún. Kíkún àkùrọ̀ àti etí odò tún burú ju èyí lọ, nítorí ibẹ̀ ni odò ń tẹ́ sí nígbà tó bá kún.

Ohun kẹrin ni àkókò. Ilẹ̀ tí wọ́n ha lásán sílẹ̀ de òjò yóò bá àgbàrá lọ, yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ yóò sì di gọ́tà ìlú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, ó sì tọ́ kí koríko wà lórí ibi tí wọn kò ní í kọ́ nǹkan sí.

Ìbéèrè mẹ́ta lórí ojú àgbàrá

Ètò ojú àgbàrá tó péye ní láti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta.

Èkíní: omi wo ló ń wọ ilẹ̀ yìí láti ibòmíràn? Bí omi láti òkè bá ń gba orí ilẹ̀ náà kọjá, kò tọ́ kí onílẹ̀ fi ọgbà dí i pa. Ó ní láti fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un, nínú gọ́tà tó gba ẹ̀gbẹ́ ààlà tàbí láti inú ihò tó tóbi tó lára ọgbà. Ọgbà tí kò níhò, tí àgbàrá bá fi ara tì, ni ó sábà máa ń wó lójijì.

Èkejì: omi mélòó ni ilẹ̀ yìí fúnra rẹ̀ yóò máa tú jáde lẹ́yìn tí ilé bá ti wà lórí rẹ̀? Onílẹ̀ lè dín in kù. Ó lè fi koríko tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sí apá kan àgbàlá dípò kọnkéré, ó lè gbẹ́ ihò tí wọ́n fi òkúta kún kí ilẹ̀ máa fa omi mu níbẹ̀, bí ilẹ̀ náà kì í bá ṣe ti àbàtà, ó sì lè fi táńkì gbe omi òrùlé fún ìlò ilé.

Ẹ̀kẹta: níbo ni omi tó jáde ń lọ? Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ pílánù kì í dáhùn. Gọ́tà tó parí sí ẹnu ọgbà kò tíì parí. Ó gbọ́dọ̀ dé gọ́tà ìlú tàbí odò, ó sì gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ títí débẹ̀, nítorí gọ́tà tó tẹ́jú kì í gbé yẹ̀pẹ̀ lọ, ẹ̀fọn nìkan ló ń sìn. Afárá kékeré tí onílé ṣe sórí gọ́tà kí ọkọ̀ lè wọlé gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó gọ́tà náà gan-an. Ẹni tó bá ri páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti fún gbogbo òpópónà lọ́rùn. Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bá omi òjò pọ̀ rárá.

Ìwé àṣẹ àti òfin tó gbé e ró

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ láàárín ará ìlú. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti ní ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní C of O, ti lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́ ohun tó wù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ni ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ dúró lé. Ó ń sọ ẹni tó ni àǹfààní orí ilẹ̀. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé yàtọ̀ sí i. Òun ló ń sọ ohun tí ẹni náà lè kọ́ síbẹ̀ àti bí yóò ṣe kọ́ ọ. Ìwé ẹ̀rí owó tí ọmọ onílẹ̀ fúnni kò lè dípò èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Òfin Ètò Ìlú àti Ẹkùn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1992 la ìlànà ìwé àṣẹ yìí sílẹ̀. Ó ní kí pílánù ti ọ̀dọ̀ ògbóǹtarìgì tó forúkọ sílẹ̀ wá, yálà ayàwòrán ilé, onímọ̀ ètò ìlú tàbí onímọ̀-ẹ̀rọ. Ó tún ní kí ẹni tó fẹ́ sọ ilẹ̀ tó ju hẹ́kítà méjì lọ di ibùgbé mú àlàyé wá lórí ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe fún àyíká. Ní ọdún 2003, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni àkóso ètò ìlú wà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, iye mítà tí ilé gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí odò, sí gọ́tà ńlá àti sí ojú títì lè yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ọ́fíìsì ètò ìlú tó sún mọ́ ilẹ̀ náà ni kí onílẹ̀ ti lọ béèrè, kí ó sì ti béèrè kí ó tó san owó ilẹ̀.

Ìwé nìkan kò tó. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ètò ìlú dé orí ilẹ̀ náà kí ó tó fọwọ́ sí pílánù, kí ó sì padà wá wò ó nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ àti nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ọjọ́ tó ṣẹ́ṣẹ̀ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni àtúnṣe rọrùn. Sísún pẹ́ẹ̀gì mítà méjì kò gba ju ìdajì ọjọ́ lọ. Wíwó ilé alájà méjì tó jókòó sójú omi ń gba owó ayé ẹni.

Onílé òkè àti onílé ìsàlẹ̀

Ká sọ pé ìyá arúgbó kan ti ń gbé ìsàlẹ̀ òpópónà kan fún 20 ọdún, tí omi kò wọ yàrá rẹ̀ rí. Ọ̀gbẹ́ni kan wá ra ilẹ̀ tó wà lókè ilé rẹ̀. Ó kún ilẹ̀ náà, ó tẹ́ ẹ ní kọnkéré, ó sì kọ ẹnu gọ́tà rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé màmá náà. Pílánù tó gbé lọ sí ọ́fíìsì fi hàn pé ojú títì ni gọ́tà náà yóò gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí owó ń fẹ́ tán, ó gé e kúrú. Òṣìṣẹ́ tó yẹ kó wá wò ó jókòó sí ọ́fíìsì, ó fọwọ́ sí i.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Ibùsùn màmá náà rin gbingbin, àpò gààrí tó ń tà di ẹ̀bà láìsí omi gbígbóná. Bí ó bá gòkè lọ láti wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, omi yín ti gba ilé mi," ọ̀gbẹ́ni náà lè dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú, màmá, òjò Ọlọ́run ni." Òjò ti ọwọ́ Ọlọ́run wá lóòótọ́. Ẹnu gọ́tà kò ti ọ̀dọ̀ Rẹ̀ wá.

Nínú àpẹẹrẹ yìí, ènìyàn méjì ló ṣẹ̀. Ọ̀kan yí ohun tó ti bu ọwọ́ lù padà, èkejì bu ọwọ́ lu ohun tí kò rí. Ẹni kẹta, tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ló jìyà. Nígbà tí wọ́n gbé pílánù náà sórí tábìlì, ìyá arúgbó kò sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é. Òfin nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà, òfin kò sì lè sọ̀rọ̀ bí òṣìṣẹ́ bá pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ìbáwí ara ẹni àti ìwà òtítọ́ mọ́ ìwà tó yẹ ọmọ orílẹ̀-èdè ní abala 23. Ní abala 24, ó sọ ọ́ di ojúṣe ọmọ orílẹ̀-èdè láti ṣe ohun tí yóò mú ìlọsíwájú àti àlàáfíà bá àdúgbò tó ń gbé. Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà láti mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu gọ́tà rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá kọ owó ẹ̀yìn, tó ní àfi kí òun fojú rí ilẹ̀, kò ṣe ìkà sí ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀mí ọmọ tí wọn kò tíì bí ní àdúgbò náà ló dá sí.

Àwọn tó ti kọ́lé ńkọ́?

Ẹni tí ilé rẹ̀ ti dúró kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó lè ṣí ihò sí ìdí ọgbà rẹ̀, kí ó fẹ afárá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí i, kí ó sì yí ẹnu gọ́tà tó kọjú sí aládùúgbò padà. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò lè rìn tẹ̀ lé gọ́tà láti òkè títí dé odò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ ibi tó dí sílẹ̀, kí wọ́n kó ìdọ̀tí inú rẹ̀, kí wọ́n má sì tún da á padà sí etí rẹ̀. Ìwé òfin kan náà ka ṣíṣe àti títọ́jú ojú àgbàrá mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, ibi tí agbára ẹgbẹ́ kò bá ká, kí wọ́n kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀ wọn, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ilé tó bá wà lójú odò gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù. Kò sí gọ́tà tó lè gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ tí odò bá fẹ́ gba ọ̀nà rẹ̀. Bí ìkìlọ̀ òjò ńlá bá jáde, kí àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ tètè kó ọmọ àti àgbàlagbà lọ sí ibi gíga. Ilé ṣeé tún kọ́.

Àmọ́ ẹni tí kò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀ ló ní àǹfààní jù lọ. Kí ó dúró sórí ilẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, kí ó wo ibi tí omi ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Kí ó wo ẹni tó wà nísàlẹ̀ òun. Lẹ́yìn náà, kí ó wá pe awọnlẹ̀ àti ayàwòrán ilé, kí ó gba ìwé àṣẹ, kí ó sì kọ́ ohun tí ìwé náà sọ. Àgbàrá kò ní í kọ̀ láti wólé láéláé. Onílé ni kí ó má gbà fún un, kí ó má sì lé e lọ wó ilé ẹlòmíràn.